Ìwé Àkọsílẹ̀ ní Ilé Oògùn



Obìnrin kan wà tí a mọ̀, ara rẹ̀ kì í gba Septrin. Nígbà tí ó kọ́kọ́ lò ó, awọ ara rẹ̀ bó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ rẹ̀ tún rà á fún un ní ilé oògùn kan náà. Ẹni tí ń tajà ti yàtọ̀, kò sì sí ìwé tí yóò kìlọ̀ fún un. Díẹ̀ ni ó kù kí a pàdánù rẹ̀.

Ní ọdún 1960, apòògùn kan, Eugene White, ní ìlú kékeré Berryville ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwé fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Kò sí kọ̀ǹpútà ní ilé oògùn nígbà náà. Orúkọ, ọjọ́ orí, àìsàn, oògùn tí ara kọ̀, èyí tí a tà àti iye rẹ̀, ọjọ́ àbọ̀: ojú ewé kan gbà á. Kí a sì tì í mọ́ àpótí, nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sílé láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá wa fi ìwé kún un. Ènìyàn a máa gbàgbé. Ìwé kì í gbàgbé.