Òǹkà Tí Ó Ń Yí Ojú Padà

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ṣàrẹ́, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni a mú tọ̀ yín wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Àwa tí a mọ̀ pé mẹ́rìndínlógún jẹ́ ogún tí a mú mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ọgbọ́n òǹkà.

Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan kọjú sí ìlà-oòrùn. Bí ó bá yí padà pátápátá, ìwọ̀-oòrùn ni yóò máa wò. Àwọn oníṣirò a máa fi −1 dúró fún ìyípadà yìí. Bí ó bá tún yí bẹ́ẹ̀, yóò kọjú sí ibi tí ó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni −1 lọ́nà −1 fi jẹ́ 1. Ǹjẹ́ bí ó bá yí ìdajì péré sí apá òsì ńkọ́? Àríwá ni yóò máa wò. Bí ó bá sì tún un ṣe, ìwọ̀-oòrùn. Òǹkà tí ó dúró fún ìdajì náà ni à ń pè ní i: i lọ́nà i jẹ́ −1. Àwọn ọ̀mọ̀wé pè é ní òǹkà àfinúrò, wọ́n sì ń fura sí i. Caspar Wessel, ará Norway tí ó ń wọn ilẹ̀ ní Denmark, fi hàn ní 1797 pé ojú ilẹ̀ ni a lè yà á sí.

Ṣùgbọ́n ayé tí à ń gbé ní gíga, yàtọ̀ sí gígùn àti ìbú. William Rowan Hamilton, ará Dublin, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá òǹkà alápá mẹ́ta tí yóò bá a mu, kò sì rí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù Òkútóbà 1843, bí òun àti aya rẹ̀ ti ń rìn lẹ́bàá odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́, ó yé e pé apá mẹ́rin ni ó yẹ. Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sára òkúta afárá: i² = j² = k² = ijk = −1. Èyí tí ó gbẹ́ ti parẹ́, ṣùgbọ́n òkúta ìrántí wà níbẹ̀ láti 1958. Quaternion ni orúkọ òǹkà náà.

Nínú rẹ̀, i lọ́nà j jẹ́ k, ṣùgbọ́n j lọ́nà i jẹ́ −k. Ẹ mú ìwé orin kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ gbé etí rẹ̀ tí ó jìnnà sí yín dìde kí èèpo iwájú kọjú sí yín, kí ẹ tó yí i sí apá ọ̀tún: èèpo náà yóò kọjú sí apá òsì. Ẹ tún un tẹ́ bí ti ìṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ yí i lórí tábìlì sí apá ọ̀tún, kí ẹ tó gbé e dìde: ẹ̀yin gan-an ni èèpo náà yóò kọjú sí. Èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àwọn kan lè wí pé apá kẹrin yìí ni ibùgbé àwọn ẹ̀mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ fún ẹni tí ó jìnnà bí a ti yí ère òkúta kan padà ní Èsìẹ́, mẹ́ta nínú wọn ni yóò tọ́ka sí ọ̀nà tí ọ̀pá ìyíká náà gbà dúró, ìkẹrin yóò sì bá wọn sọ bí yíyí náà ti pọ̀ tó. Ibi tí à ń gbé ṣì jẹ́ gígùn, ìbú àti gíga. Lónìí, òǹkà yìí ni a fi ń mọ ibi tí sátẹ́láìtì kọjú sí lójú òfurufú.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá mú òǹkà àfinúrò wálé láti ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe sọ fún un pé idán òyìnbó ni. Ẹ ní kí ó dìde, kí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ó sì yí.