Ẹ Yẹ Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Wò Dáadáa Kí Ẹ Tó San Owó

Ọmọ yín ni mo jẹ́; bí ọ̀rọ̀ mi bá dà bí ẹni ń kọ́ àgbà, ẹ foríjì mí. Lónìí, n kò ní sọ ti ajílẹ̀ tàbí irúgbìn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni mo mú wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ń dá owó jọ láti ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí a fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú lónìí, láàárín ọjọ́ 2 sí 3, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Tòmátì tó ti pọ́n náà kò ní sùúrù. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́nà, ẹrù ló kọ́kọ́ ń ṣòfò, kí owó mẹkáníìkì tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì kánjú. Ẹni tó bá fẹ́ ra ewúrẹ́ lọ́jà, á wo ojú rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì gbé ìrù rẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe fún ọkọ̀.

Èkínní, ẹ lọ wò ó ní òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere. Ẹ má ra ọkọ̀ lálẹ́ tàbí nínú òjò. Omi máa ń jẹ́ kí ọ̀dà tó ti gbó dán. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ sọ fún olówò náà pé kí ó má sítáàtì ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó sì ti gbóná, ẹ bi í pé kí ló dé. Ọkọ̀ tó máa ń ṣòro láti sítáàtì láàárọ̀, wọ́n lè ti bá a jà kí ẹ tó dé.

Èkejì, ẹ wo ara rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀. Ẹ tú òòfà kúrò nínú rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ máa gbé e lé ara ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi pọ́tì dí i. Ẹ dùbúlẹ̀ wo ṣáàsí: ṣé ó tẹ̀, ṣé wọ́n ti jó o pọ̀, ṣé ó ti dípẹtà níbi tí wọ́n ti so sípíríǹgì mọ́ ọn? Ibẹ̀ ni ẹrù wa máa dúró lé.

Ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa ọ̀pá géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ ṣí rẹdiétọ̀ nígbà tó bá tutù nìkan, kí omi gbígbóná má baà bó yín. Bí ọ́ìlì bá ń léfòó lórí omi rẹ̀, àìsàn kan náà ni. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sítáàtì rẹ̀. Èéfín tó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun díẹ̀ tó tán kíá láàárọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó nípọn tí kò tán, omi ló ń jó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wà á. Ẹ má fi òfìfo dán an wò. Ẹ kó àpò díẹ̀ sí i, kí ẹ gun òkè. Ẹ dán gbogbo gíà wò, títí kan ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí ọkọ̀ sì fà sí apá kan, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ wo táyà náà: nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti gbó lè ṣì ní eyín o, kó sì bẹ́ lábẹ́ ẹrù.

Ẹ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí sítiárìn wa fi wà lápá òsì. Ọkọ̀ mìíràn láti Ìlú Ọba tàbí Jàpáánì, ọ̀tún ni tirẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá gbé e sí òdìkejì. Ihò tí wọ́n dí àti wáyà tí wọ́n so kiri á tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé. Kí nọ́ńbà ṣáàsí tó wà lára ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu, láìku ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ti fá a, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé owó ibodè. Láti ọjọ́ 1 oṣù kínní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti ibodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ fàyàwọ́ láti Kùtọnu lè pọ́ọ́kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn aṣọ́bodè bá gbà á, owó ẹgbẹ́ ti wọgbó nìyẹn. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ alága.

Bí olówò bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san owó lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kó san án. Ẹ padà sílé, ẹ jọ jókòó, kí ẹ gbọ́ ti mẹkáníìkì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.