Nígbà Tí Ara Bá Ń Yí Padà Lẹ́yìn 40 Ọdún

Lónìí, ara àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá ti lé ní 40 ọdún, ohun tó dà bí dígí nínú ẹyinjú a máa le sí i, ohun tó wà nítòsí a wá ṣú. Ẹ ó máa na ìwé jìnnà kí ẹ tó lè kà á; apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe a máa wá ojú ihò tì. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ibi tí ewu wà ni ara ìgò oògùn apakòkòrò, nítorí lẹ́tà ibẹ̀ kéré púpọ̀. (Àwa tí a ń gbé láàrin àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, a ò tíì rẹ́ni bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un tóbi!) Ẹni tó bá fojú díwọ̀n oògùn lè pa ara rẹ̀ lára, àti ẹni tí yóò jẹ ẹ̀fọ́ náà. Ẹ ra jígí ìkàwé, tàbí kí ọmọ ilé kà á sókè kí ẹ tó pò ó.

Agbára náà ń dín kù. Ẹ̀rọ ìfín-oògùn 16 lítà tó kún fómi ju 16 kìlò lọ lẹ́yìn yín. Ẹ bu ìdajì, kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Ara lè dá ṣáṣá, kí ìfúnpá ti ju 140 lórí 90 lọ. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn ìjọba, bí ti Gbàgádà.

Ẹ̀yin ìyá wa, láàrin 45 sí 55 ọdún ni nǹkan oṣù sábà máa ń dá. Ooru a mú yín lójijì, òógùn a bo yín lóru. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ibà, wọ́n sì ń gbé oògùn ibà mì láìṣàyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dá fún ọdún kan gbáko, tí ẹ tún rí ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ọkàn náà ńkọ́? Ẹlòmíràn a máa ṣírò pé ẹgbẹ́ òun ti kọ́lé. A máa kanra, tàbí kó yáwó rẹpẹtẹ láìnídìí. Onímọ̀ kan, Erik Erikson, kọ ọ́ ní 1950 pé títọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń jẹ ènìyàn lọ́kàn lásìkò yìí. Ẹ mú ọ̀dọ́ kan mọ́ra nídìí iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, bí ẹni tó ń dáwó déédéé bá ṣàdédé dákẹ́, ẹ lọ kí i nílé kí ẹ tó kọ ìwé owó ìtanràn sí i.