Orúkọ Ìkẹjà àti Àwọn Tí Ó Ń Túmọ̀ Rẹ̀

 

Ìtàn kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ń gbé àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá láti Ìkẹjà dé Agége. Wọ́n ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣẹ̀dá orúkọ Ìkẹjà, pé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣà láti inú orúkọ àjọṣe ìṣàkóso Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti rántí, ìdí nìyí tí kò fi kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ilẹ̀ náà kò lórúkọ kí òyìnbó tó dé, a sì jẹ́ pé àwọn Àwórì tí ó tẹ̀ ẹ́ dó kò yàtọ̀ sí àlejò. Ní ibi tí owó ilẹ̀ ti gbówó lórí tó báyìí, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹni tí ó mọ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mira. Ìkòròdú wà ní ìlà-oòrùn odò Ògùn, Ẹ̀pẹ́ tún wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Kí ni orúkọ àwọn méjèèjì wá ṣe ní òdìkejì odò? Òpìtàn yóò fi kún un pé àwọn Àwórì ti ń gbé ibẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní ọdún 1861, àti pé àwọn akónilẹ́rú ń yọ wọ́n lẹ́nu títí di àárín ọ̀rúndún náà. Ohun tí ìtàn àwọn Àwórì fúnra wọn sọ ni pé Akéjà, òrìṣà àwọn ará Ọ̀tà, ni orúkọ náà ti wá. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà pẹ̀lú. Bí àwọn ènìyàn ti ń ṣí, ni òrìṣà wọn ń bá wọn lọ.

Orúkọ Àwórì gan-an tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ìtàn sọ pé nígbà tí Ògúnfúnminírè kúrò ní Ifẹ̀, Ifá ni ó tọ́ ọ sọ́nà: kí ó gbé àwo sórí omi, ibi tí àwo bá rì sí ni kí ó tẹ̀ dó. Ó tẹ̀ lé àwo náà ní ipa odò Ògùn, ó kọjá Olókèméjì, ó kọjá Òkè-Àtà, títí àwo fi rì ní Ìṣẹ̀rí.

Onímọ̀ èdè ní ohun kan láti sọ níhìn-ín. Nígbà tí a bá ń sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, ohùn òkè máa ń bọ́ sí ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwo yóò di àwó: àwó rì. Ohùn tí ó wà lára Àwórì gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ó bá ṣe pé awo, ti awo Ifá, ni, ohùn àárín ni ìbá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ó fi hàn pé ìtumọ̀ náà bá èdè mu. Kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni rí àwo náà lórí omi. Òpìtàn rí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá sí etí òkun. Babaláwo rí àṣẹ tí wọ́n fi gba ilẹ̀. Kò sí èyí tí ó yẹ kí ó gba àga èkejì nínú wọn.

Gbígba àga ẹlòmíràn yìí ni ó ṣi Leo Frobenius lọ́nà. Ó dé Ifẹ̀ láti Jámánì ní ọdún 1910, ó rí orí amọ̀ àti orí idẹ, ẹwà wọn yà á lẹ́nu, ó sì sọ pé iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni. Kì í sì í ṣe àjèjì nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ Yorùbá ni J. Olumide Lucas, Íjíbítì ni ó sì tọpasẹ̀ ẹ̀sìn Yorùbá lọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1948.

Ọ̀nà mìíràn ni Saburi Biobaku gbà. Nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1973 lórí orísun ìtàn Yorùbá, awalẹ̀pìtàn, onímọ̀ èdè àti ẹni tí ó mọ ẹsẹ Ifá jókòó pọ̀. Wande Abimbola ni ó kọ ti Ifá. Ìtàn ni òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ní Ìbàdàn, ó kọ́ ìmọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, lítíréṣọ̀ Yorùbá ni ó sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó. Ó jẹ́ kí ó yé àwọn olùwádìí pé ẹsẹ Ifá ní ìlànà: apá kan wà tí akígbọnmọ̀ràn kò gbọdọ̀ yí padà, apá kan sì wà tí babaláwo lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sọ. Òpìtàn tí kò bá mọ èyí yàtọ̀ sí èkejì yóò máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu àná ṣe ẹ̀rí ohun àtijọ́.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ lórí Ìkẹjà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, nítorí náà ẹni tí ó bá ń wá ìwé ìjọba nípa rẹ̀ níláti dé ilé àkójọ ìwé ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà agbo ilé Àwórì kò sí nínú fáìlì kankan ní tiwọn. Àárín ilé-iṣẹ́ àti ojú irin ni wọ́n wà, Ìṣẹ̀rí kò sì jìnnà sí Agége. Kí olùwádìí mú obì dání, kí ó sì lọ kí wọn kí ọdún yìí tó parí.