Ta Ni À Ń Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́? Ẹ̀tọ́ àti Ojúṣe Ayàwòrán Ẹ̀fẹ̀ Nínú Òṣèlú

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Aláṣẹ kọ́ ló yẹ kó fa ààlà fún ayàwòrán tó ń fi aláṣẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ayàwòrán náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ń bà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwòrán kan láti ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1831, Honoré Daumier ya Ọba Louis-Philippe bí òmìrán abikùn-ńlá tó jókòó, tó la ẹnu gbàgà. Pákó gígùn kan ti ilẹ̀ lọ kan ẹnu ọba. Àwọn ìránṣẹ́ ń pọn apẹ̀rẹ̀ owó gun pákó náà, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tálákà tí aṣọ ti gbó mọ́ lára. Lábẹ́ àga ọba, ìwé oyè àti ìwé àǹfààní ń já bọ́, àwọn ọmọ ààfin sì ń ṣà wọ́n. Gbogbo wa mọ̀ pé ọba kò gbé apẹ̀rẹ̀ owó mì. Ṣùgbọ́n owó orí tó ń ni aráàlú lára kì í ṣe irọ́. Àsọdùn niṣẹ́ ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, irọ́ kọ́. Èyí kò tu ọba nínú: lọ́dún 1832, Daumier lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Kétu àti ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òru ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin wọn, máa ń jáde sí gbàgede ọjà. Á kọrin bú ọ̀bàyéjẹ́, ìjòyè a gbọ́, ọlọ́rọ̀ a gbọ́, ilẹ̀ a sì mọ́ láìsí ẹni tó mú un. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Ẹ̀fẹ̀ kì í ti orí èébú bẹ̀rẹ̀. Ìbà ló ń kọ́kọ́ jú: ìbà òrìṣà, ìbà àwọn ìyá wa, ìbà àgbà. Ibi tí àwọn baba wa ti fún un láyè ni wọ́n ti gbé ẹrù lé e lórí.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa, Nàìjíríà, ti ọdún 1999, ní abala 39, fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde. Abala 22 sì fún oníròyìn lómìnira láti máa mú ìjọba jíhìn fún aráàlú. Ẹ má gbàgbé ibi tí a ti ń bọ̀. Decree 4 tí ìjọba ológun gbé jáde lọ́dún 1984 kò fi mọ sórí ìròyìn èké. Ó tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn tẹ ohun tó lè sọ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni yẹ̀yẹ́. Oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, ló tìtorí òfin yìí wẹ̀wọ̀n. Bí yẹ̀yẹ́ bá ti di ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ fẹ́ máa yà?

Ẹ jẹ́ ká wá yíjú sí ojúṣe. Nígbà tí Akínọlá Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe lọ́dún 1944, òyìnbó amúnisìn ló dojú pẹ́ńsùlù kọ. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà pàápàá lóye ohun tí “Lash”, orúkọ ìbuwọ́lù rẹ̀, ń wí. Ìgboyà ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wá ń figagbága, ẹ̀yìn NCNC, ẹgbẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ni àwòrán rẹ̀ gbè sí. Kéèyàn ní ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ èérí ojú alátakò kì í ṣòro rí. Ti ẹni tó ń san owó oṣù fúnni ló ṣòro. Ibẹ̀ la ti ń mọ ayàwòrán tó dá dúró.

Ohun tó burú jùyẹn lọ wà. Ní Rùwáńdà, ìwé ìròyìn Kangura tẹ àdá sí iwájú ìwé rẹ̀ ní ìparí ọdún 1993, ó sì béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ohun ìjà wo ni wọn yóò fi ṣẹ́gun “aáyán” pátápátá. Àwọn ẹ̀yà Tutsi ni wọ́n ń pè ní aáyán. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, àdá sì wà lára ohun tí wọ́n fi pa wọ́n. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá Hassan Ngeze, olóòtú Kangura, lẹ́bi lọ́dún 2003. Ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ọdún 2007 fi í sí ẹ̀wọ̀n ọdún 35.

Ẹ fi Daumier àti Kangura wéra. Ìwà alágbára ni Daumier fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìwà tí ọba lè yí padà bó bá wù ú. Ìran tí wọ́n bí èèyàn sí ni Kangura gbógun tì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà. Tá a bá ya gómìnà tó kó owó ilé ìwòsàn jẹ, iṣẹ́ la ṣe. Tá a bá ya ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ bí olè, a ti gbé ẹ̀bi ẹnì kan ru àìmọye aláìṣẹ̀. Láyé fóònù yìí, àwòrán tètè ń já kúrò lára àlàyé tó bá a rìn, kì í sì í ṣe é pè padà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ, bí àwòrán bá dùn yín, ẹ fi iṣẹ́ rere dá a lóhùn, ẹ má rán ọlọ́pàá. Ẹ̀yin olóòtú, àwòrán tí ẹ bá ti gbà tẹ̀, ẹ dúró ti ẹni tó yà á lọ́jọ́ ìjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán, ẹ fi orúkọ yín sí abẹ́ iṣẹ́ yín. Èyí tí ẹ kò bá lè fi orúkọ sí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde.