Ìpinnu Àwọn Alákòóso àti Ohun tí ń Ṣi Ọkàn Wọn Lọ́nà: Ẹ̀kọ́ láti inú Rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìsẹ́yìn)

Iṣẹ́ tí alága fi rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn tí a fi ṣe olórí iṣẹ́ ṣe ń pinnu, àti ohun tí í máa ṣi ọkàn wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n bá ń pinnu. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé àwọn òyìnbó ni n óò kó jọ wá síhìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ronú wò, mo rí i pé ìwé díẹ̀ ni ó lè kọ́ wa tó ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ wa yìí ní oṣù kẹwàá ọdún 1916.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba. Wọ́n pa Onjò ti Òkèhò. Ìjọba kó ọmọ ogun wá, ìbọn dún, a sì dá ẹjọ́ ikú fún àwọn kan nínú àwọn aṣáájú. Ní ọdún 1917, àwọn ará Òkèhò fi ibùgbé wọn àtijọ́ sílẹ̀ wá sí ibi tí ìlú náà wà lónìí. J. A. Atanda, òpìtàn, kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1969, ó sì tún mú un wọ inú ìwé ńlá tí ó kọ lórí Ọ̀yọ́ ní 1973. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣe èyí àti ẹni tí ó ṣe tọ̀hún, kí ó lọ wò ó níbẹ̀. Tèmi lónìí ni pé kí a wo orí àwọn tí ó pinnu.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Lugard. Ó ti ṣàkóso ìhà Àríwá láti ọdún 1900 títí di 1906. Níbẹ̀ ó bá àwọn Ẹ́míà tí wọ́n ní ilé ẹjọ́, tí wọ́n sì ń gba owó òde. Ó gbé ìjọba rẹ̀ lé wọn lórí, ó sì gún régé lójú rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ní 1912, tí ó sì so Àríwá mọ́ Gúúsù ní 1914, ó fẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá náà ní Ẹ́míà tirẹ̀. Ó wò yíká, ó sì rí Aláàfin.

Ṣùgbọ́n Aláàfin kì í ṣe Ẹ́míà. Ọba Ọ̀yọ́ kì í dá ọ̀ràn ńlá pinnu lẹ́yìn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí fún. Àwọn ìlú Òkè-Ògùn pẹ̀lú, bí wọ́n tilẹ̀ ń sin Ọ̀yọ́, ọ̀ràn ilé wọn wà lọ́wọ́ ọba wọn àti ìjòyè wọn. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ mọ aṣọ òfì hun, ẹ mọ̀ pé òwú sányán kì í ṣe òwú ẹtù. Lugard fi ọwọ́ tí ó fi hun ọ̀kan hun èkejì. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ọgbọ́n tí ó ti gbè é lẹ́ẹ̀kan ni ó dì í lójú. Irú ẹ̀tàn yìí ni mo bẹ̀rù jù lọ fún olórí iṣẹ́, nítorí pé ẹni tí kò ṣe àṣeyọrí rí kì í ní in.

Ẹnì kejì ni Kápúténì W. A. Ross, Ajẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹni tí ó wà ní ipò náà títí di ọdún 1931. Ọ̀rẹ́ Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní ni, ọ̀rẹ́ tòótọ́ sì ni. N kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbọ́ nípa Òkè-Ògùn, láti Ọ̀yọ́ ni ó ti ń gbọ́ ọ. A gbé ilé ẹjọ́ tuntun kalẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1914. Àwọn ìjòyè tí wọ́n ti ń parí ẹjọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bá ara wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìránṣẹ́ Ọ̀yọ́ ń wọlé, ó ń jáde, iṣẹ́ ojú ọ̀nà ń wọ àwọn ènìyàn lọ́rùn. Bí Ajẹ́lẹ̀ bá béèrè bí nǹkan ti rí, ta ni yóò dá a lóhùn? Àwọn tí ìṣètò náà gbè ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn baba wa kò sì sọ pé kí ẹni náà ní ọkàn búburú kí ó tó jẹ́ òṣìkà.

Ìkìlọ̀ kò sì ṣàì dé. Ní 1915, ní Bùsà ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, àwọn ènìyàn ti dìde sí irú ìṣètò tí Lugard gbé kà wọ́n lórí. Ó yẹ kí èyí mú olórí bi ara rẹ̀ pé, bóyá èmi ni mo ṣìnà? Ṣùgbọ́n ọkàn tí ó ti pinnu tán a máa sọ ìkìlọ̀ di ẹ̀rí. A pè é ní agídí àwọn díẹ̀, a rán ọmọ ogun, iṣẹ́ sì ń lọ. Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò pàápàá, kò ju ọdún méjì lọ tí a fi mú owó orí wọ Ọ̀yọ́, ní 1918. Ní ọdún náà gan-an ni Ogun Adùbí bẹ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí a hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ìdánwò wádìí irú nǹkan wọ̀nyí lẹ́yìn ìgbà náà. Herbert Simon, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1947 pé olórí iṣẹ́ kì í yẹ gbogbo ọ̀nà wò kí ó tó mú èyí tí ó dára jù; èyí àkọ́kọ́ tí ó bá tó o ni í mú. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, kọ tiwọn ní 1974. Wọ́n yí àgbá kan tí a kọ nọ́ńbà sí lára níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n sì ti dọ́gbọ́n sí i kí ó lè dúró lórí 10 tàbí 65. Wọ́n wá béèrè pé, nínú ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, mélòó ni ti Áfíríkà? Àwọn tí ó rí 10 sọ nǹkan bí 25. Àwọn tí ó rí 65 sọ nǹkan bí 45. Àgbá kò mọ Áfíríkà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Ẹ rò ó wò bí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ yín bá jẹ́ olówó!

Kí ẹ má ba à rò pé òyìnbó nìkan ni mo ń bá wí, ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí mo jẹ́ olórí ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, èmi ni mo yan ẹ̀rọ amúnáwá tí a rà. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń tún un ṣe, owó tí mo ná sí i sì ju owó òmíràn lọ. Akọ̀wé mi sọ fún mi. Mo bínú sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó rà á, ọ̀sẹ̀ kejì ni n bá ti tà á.

Èyí mú mi rántí ìsédò Ìkéré tí ó wà nítòsí wa lórí odò Ògùn. Ìjọba Shagari bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1983. A ní yóò bomi rin ilẹ̀ hẹ́kítà 12,000, yóò sì fún àwọn ìlú ní omi títí dé Èkó. Kí ọdún náà tó parí, ológun gba ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, omi wà, ó kún bí òkun, ṣùgbọ́n oko kò rí i mu. N kò lè wo inú ọkàn àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn, ìdí mìíràn sì lè wà. Ṣùgbọ́n bí mo ti di ẹ̀rọ tèmi mú nítorí pé tèmi ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alákòóso í fi iṣẹ́ rere sílẹ̀ nítorí pé kì í ṣe tiwọn.

Gary Klein fi ọ̀nà kan hàn ní 2007 tí mo fẹ́ràn, nítorí pé ó jọ ti àwọn baba wa tí wọ́n máa ń jẹ́ kí àbúrò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó la ẹnu. Kí a tó dìbò, kí a gbà pé ọdún kan ti kọjá, iṣẹ́ náà sì ti bàjẹ́ pátápátá. Kí olúkúlùkù wá kọ ohun tí ó bà á jẹ́ sílẹ̀, láìbá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù alága lè kọ ohun tí kò lè sọ.

Ẹgbẹ́ yìí fẹ́ dìbò lálẹ́ òní lórí gbọ̀ngàn tuntun tí a fẹ́ kọ́. Mo mọ̀ pé alága fẹ́ ẹ, èmi náà sì fẹ́ ẹ. Mo ti mú bébà àti gègé wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Kí a tó nawọ́ sókè, mo bẹ Kábíyèsí pé kí wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan.