FÁÍBÀ: AGBÁRA RẸ̀ ÀTI BÍ Ó TI Ń FARA DA OORU
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Ògbètè, Enugu)

 

Fáíbà ti gbòde. Àwọn tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe ń fi í lẹ bọ́ńpà. A ń rí i lára tánkì omi àti páànù tí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó fúyẹ́, kì í sì í dógùn-ún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ohun méjì ni a pa pọ̀ di fáíbà: òwú tí a fi dígí ṣe, àti oje kẹ́míkà tí ń gan tí ó sì ń le. Ẹ̀yin ará Òkè Ọya ti rí bí àwọn ọ̀mọ̀lé Hausa ti ń po koríko mọ́ amọ̀ kí ògiri má baà sán. Bákan náà ni. Òwú dígí kan tín-ín-rín ju irun orí lọ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́jọ ti irin lásán tí ó tín-ín-rín bákan náà. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: oje ni ó ń mú kí gbogbo òwú jọ ru ẹrù. Ní ọdún 1953, ilé iṣẹ́ Chevrolet ní Amẹ́ríkà fi fáíbà ṣe ara ọkọ̀ Corvette.

Oje yìí gan-an ni ooru ń bá jà. Dígí kì í rọ̀ títí ooru yóò fi kọjá 800 dígírì Celsius, ṣùgbọ́n oje pólíésítà tí ó wọ́pọ̀ ti ń rọ̀ láàárín 60 sí 100, èyí tí kò ju ti omi híhó lọ. Bí oje bá rọ̀, kò sí ohun tí yóò so òwú pọ̀ mọ́. Fáíbà yóò tẹ̀. Bí iná bá sì kàn án, oje a gbiná, èéfín dúdú tí ń pani a sì bo gbogbo ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé tánkì fáíbà sí ẹ̀gbẹ́ ààrò alákàrà, tàbí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń tu èéfín sí, tàbí ibi tí iná wẹ́dà ń ta sí. Èyí tí iná bá ti rà lára, ẹ má ṣe gun orí rẹ̀. Ní Òkè Ọya, oòrùn lè mú páànù gbóná dé 60 dígírì. Ẹ jẹ́ kí igi abẹ́ rẹ̀ súnmọ́ra. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe nǹkan sí tòsí iná, kí ó béèrè oje fẹ́nólíìkì, tí kì í tètè gbiná, tí èéfín rẹ̀ sì kéré.

Ẹ sọ fún aládùúgbò yín pẹ̀lú.